Ṣé Bí Wọ́n Ṣe Bí Wọn Nìyẹn, àbí Èmi Ni Mo Bà Wọ́n Jẹ́? Ìfiwéra àwọn tíọ́rì ìwà fún òbí, tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mú ọ̀kan

Ìyá Ìbejì tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Wàzóbíà ló bi mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn ìbejì rẹ̀, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ọwọ́ Táyé yá níbi ìjà, ó sì ti ń yọ lára owó ọjà. Kẹ́hìndé kì í sọ̀rọ̀. Tí tíṣà bá pè é ní kíláàsì, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Ọmú kan náà ni wọ́n mu, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Ìyá wọn ní, "Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ kàwé nípa ọ̀rọ̀ ọmọ, ṣé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn ni, àbí èmi ni mo bà wọ́n jẹ́?"

Olùdámọ̀ràn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ṣe teaching practice lọ́dọ̀ wa náà máa ń gbé ìbéèrè tiwọn wá: tíọ́rì wo ni kí n fi ṣe project mi? Wọ́n á fẹ́ kí n dárúkọ ọ̀kan kíá. N kì í dárúkọ kankan. Mo máa ń bi wọ́n pé, ta ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe nǹkan lọ́la? Ṣé ọmọ ni, ìyá rẹ̀ ni, tíṣà ni, àbí ẹ kàn fẹ́ mọ irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́? Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tíọ́rì yìí ti yàtọ̀ síra jù. Ẹni tí ọ̀kan máa gbé iṣẹ́ lé lórí, òmíràn kò ní dárúkọ rẹ̀ rárá.

Ẹ má retí pé kí n pín in dọ́gba o. Àwọn kan nínú wọn, ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó. Àwọn kan sì wà lórí mi nítorí ìdánwò tí mo ṣe nígbà náà lọ́hùn-ún.

Freud àti Erikson: ìgbà wo ni ìlẹ̀kùn ń tì?

Dókítà ni Sigmund Freud. Ìlú Vienna ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, kí ó tó sá fún àwọn Násì lọ sí London ní 1938. Ó ní nǹkan mẹ́ta ló ń bá ara wọn fà á nínú ènìyàn: id tó ń pariwo pé òun fẹ́ ẹ báyìí-báyìí, superego tó dà bí ohùn àwọn òbí tó kù sí ọmọ létí lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde nílé, àti ego tó ń làjà, tó ń wo ohun tó ṣeé ṣe. Ọdún 1923 ló kọ ọ́ báyẹn. Lójú tirẹ̀, kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́fà ni ìwà ti mọ, nínú bí wọ́n ṣe fún un lọ́mú, bí wọ́n ṣe já a lẹ́nu ọmú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ìmọ́tótó, àti ohun tó ń lọ láàárín òun àti bàbá òun ìyá rẹ̀.

Tí a bá gbé Táyé lọ bá a, yóò ní kí a padà sí ìgbà tí ọmọ náà wà ní ọdún mẹ́rin. Bàbá wọn ń wa tírélà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣòro tó wà nídìí tíọ́rì yìí: tí ọmọ bá ń bínú sí bàbá rẹ̀, tíọ́rì tọ̀nà, tí kò bá bínú, wọ́n á ní ó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, tíọ́rì ṣì tún tọ̀nà. Ohun tí kò sí bí a ṣe lè já a ní koro, báwo la ṣe fẹ́ gbà á lóòótọ́? Èyí tí mo mú lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ti ènìyàn ṣe nǹkan ni ẹni náà mọ̀. Ìyẹn kò tíì já nù.

Ilé Freud ni Erik Erikson ti jáde, ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin Freud, Anna, ló ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìlẹ̀kùn tì ní ọdún mẹ́fà. Ìpele mẹ́jọ ló là kalẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1950, láti ọmọ ọwọ́ títí dé arúgbó, iṣẹ́ sì wà fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọwọ́ ń wádìí bóyá ayé ṣeé fọkàn tán. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá ń wádìí bóyá ọwọ́ òun ká iṣẹ́. Láti méjìlá sí méjìdínlógún, ìbéèrè ọmọ ni pé: ta ni mí? Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin yìí gan-an ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1902, kò mọ bàbá tó bí i títí ó fi kú. Ọkọ ìyá rẹ̀, tó jẹ́ Júù, ló tọ́ ọ. Àwọn ọmọ Júù ń fi irun rẹ̀ tó rí bíi wúrà ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọmọ Jámánì ń pè é ní Júù. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ó fún ara rẹ̀ ní orúkọ bàbá: Erikson, ọmọ Erik. Ẹni tó bí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ò rí i pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí "ta ni mí?"

Nípa Kẹ́hìndé, Erikson máa ní kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀, kì í ṣe dé ẹnu ọmú. Ní praímárì fọ́ọ̀, ta ló fi yé ọmọ yìí pé kò lè ṣe é? Kí a sì tún wo iwájú: ó ṣì kù ọdún mẹ́rin tí yóò fi máa wá ara rẹ̀. Fún ọmọ girama, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ mú. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí kò bá tiwa mu. Ọmọ tí Erikson ń rí lọ́kàn ní ààyè láti dán èyí wò, kí ó dán tọ̀hún wò. Níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tàbí télọ̀, wọn a sì gba fírídọ̀mù kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Àwọn yẹn kò wá ara wọn. Wọ́n fi wọ́n síbì kan ni. James Marcia rí irú rẹ̀ náà ní 1966: ó pín àwọn ọ̀dọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọmọ tó ti gba ohun tí òbí yàn fún un láìbéèrè. Ẹni tó bá fẹ́ fi Erikson ṣe project, kí ó gba ọ̀dọ̀ Marcia kọjá, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́n wà.

Tí ó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni tiyín

Ẹ fi gbogbo èyí sílẹ̀, kí ẹ mú Bowlby àti Ainsworth. John Bowlby ní ìdè tó wà láàárín ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni ọmọ yóò fi máa wo gbogbo ènìyàn lẹ́yìn ọ̀la. Mary Ainsworth lọ wò ó lójú ara rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ pé Áfíríkà ló ti bẹ̀rẹ̀: ní 1954 sí 1955, ìdílé 26 ló ń yà lọ wò ní àwọn abúlé tó wà nítòsí Kampala ní Uganda, kí ó tó lọ ṣe tirẹ̀ ní Baltimore. Ohun tó tẹnu mọ́ ni bí ìyá ṣe ń tètè mọ ohun tí ọmọ ń fẹ́, tí ó sì ń dá a lóhùn. Ní agbo ilé wa, ìyá nìkan kọ́ ló ń dáhùn. Ìyá àgbà ń dáhùn, àbúrò ìyá ń dáhùn, aládùúgbò ń dáhùn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Bowlby halẹ̀ mọ́ ìyá tó ń lọ sọ́jà.

Skinner àti Bandura: kí ló ń rí gbà, ta ló ń wò?

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́.

B. F. Skinner kò fẹ́ gbọ́ nípa ọkàn. Ẹyẹlé àti eku ló fi ṣiṣẹ́, inú àpótí tí oúnjẹ ń jábọ́ sí nígbà tí ẹran náà bá ṣe ohun tó yẹ. Ó ní ìwà tí èrè bá tẹ̀lé, yóò padà wá. Èyí tí èrè kò tẹ̀lé, yóò kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ibi tó dé yẹn. Èyí tí wọn kò mọ̀ ni pé èrè tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ kí ìwà le jù, ju èyí tó ń wá ní gbogbo ìgbà lọ. Ohun tí kì í jẹ́ kí onítẹ́tẹ́ kúrò nídìí tẹ́tẹ́ nìyẹn.

Mo jókòó ti Ìyá Ìbejì lọ́jà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Táyé dé, ó ní kí ìyá òun fún òun ní igba náírà. Ìyá ní rárá. Ó tún bèèrè, ìyá ní rárá. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ó gbóhùn sókè lójú àwọn oníbàárà, ìyá ju owó náà sí i. Ìyá yẹn rò pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun kọ̀. Skinner máa ní ó ti kọ́ ọmọ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni kí ó máa bèèrè, kí ó sì pariwo.

Ti Kẹ́hìndé ló ya èmi alára lẹ́nu. Kí ni ọmọ tó ń wolẹ̀ ń rí gbà? Mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Tíṣà pè é, ó wolẹ̀, tíṣà dúró díẹ̀, ó wá pe ẹlòmíràn. Wọ́n fi í sílẹ̀, èrè rẹ̀ nìyẹn. Ìdákẹ́ rẹ̀ ń gba owó oṣù lójoojúmọ́.

Skinner kò sì fẹ́ràn pàṣán. Ó ní ìyà máa ń jẹ́ kí ìwà sápamọ́ ni, tí ẹni tó mú pàṣán bá ti kúrò, ìwà á jáde. Mo sọ èyí ní ìpàdé àwọn tíṣà nígbà kan, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Albert Bandura ní ènìyàn kì í ṣe ẹyẹlé. Kò dìgbà tí èrè bá tẹ ọmọ lọ́wọ́. Ó lè wo ẹlòmíràn kí ó kọ́ ọ. Ní 1961, ní yunifásítì Stanford, ó mú ọmọdé 72. Apá kan wo àgbàlagbà tó ń lu bèbí ńlá kan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, tó ń fi òlù gbá a, tó ń ta á nípàá. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú bèbí ọ̀hún, wọ́n ṣe bí àgbàlagbà yẹn ti ṣe, títí kan ọ̀rọ̀ tó sọ. Èyí tó ṣe ní 1965 ló yẹ kí òbí gbọ́. Àwọn ọmọ kan rí i pé wọ́n fìyà jẹ ẹni tó lu bèbí, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ lù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn pé kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n rí, wọ́n ṣe é láìfì kan ṣe. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìyà kàn jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni.

Ibo ni Táyé ń lọ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́? Gárèjì Tákíé. Ta ló ń wò níbẹ̀? Àwọn tó jẹ́ pé ẹni tó bá pariwo jù ni èrò ń sá fún, tí owó sì ń tẹ̀ lọ́wọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Bàbá tó yẹ kí ó máa wò wà lójú ọ̀nà Èkó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí Bandura gbé jáde ní 1977 ni ìgbàgbọ́ tí ènìyàn ní pé òun lè ṣe nǹkan kan pàtó. Kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe pé kí ó fẹ́ràn ara rẹ̀. Ohun tó ń mú un dàgbà jù ni kí ọmọ ṣe nǹkan kékeré kan kí ó sì yege. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí tíṣà máa fún Kẹ́hìndé ní ìbéèrè kan kí ó tó lọ sílé, kí ó wá dáhùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Rogers

Òun ni wọ́n fi kọ́ àwa olùdámọ̀ràn. Carl Rogers ní ọmọ nílò kí a fẹ́ràn rẹ̀ láìsí gbèdéke. Tí ìfẹ́ bá ti ní "bí o bá" nínú, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹlòmíràn wọ̀ kí wọ́n lè fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wá ronú nípa "ṣé orí méjì ni Táyé ní ni?" tí Kẹ́hìndé ń gbọ́ láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, ó sì ń tuni lára, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti wọ̀n, ọ̀pọ̀ òbí níbí á sì bi yín pé ṣé kí àwọn wá fẹ́ràn olè ni. Ìdáhùn Rogers ni pé ọmọ la fẹ́ràn, kì í ṣe ohun tó ṣe. Ẹ lọ sọ ọ́ fún ẹni tí owó èlùbọ́ rẹ̀ kò pé. Òun àti Skinner jiyàn ní gbangba, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1956. Nítorí náà ẹ má kó àwọn méjèèjì sínú orí kejì project yín bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba.

Àwọn tó ń wọn àbùdá

Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni sanguine, choleric, melancholy àti phlegmatic. Ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó kì í parí kí wọ́n má dárúkọ wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ ló ti ṣẹ̀, àwọn tó gbà pé omi mẹ́rin ló ń ṣe àkóso ara: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àti òróòro oríṣi méjì. Ìṣègùn ti fi omi mẹ́rin yẹn sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ máa fi ṣeré, ẹ má fi yan ọkọ. Ìdánwò onílẹ́tà mẹ́rin tó wà lórí fóònù, tí Katharine Briggs àti ọmọ rẹ̀ Isabel Myers ṣe láti inú ọ̀rọ̀ Carl Jung, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù: ọ̀pọ̀ tó bá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló ń gba lẹ́tà mìíràn.

Èyí tó dúró jù gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1936, Gordon Allport àti Henry Odbert ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000 tí a fi ń sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́. Èrò wọn ni pé ohun tó bá ṣe pàtàkì láàárín àwọn ènìyàn, èdè wọn á ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo máa ń wò ó pé ká ní Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é: alágídí, ọ̀dájú, onítìjú, aláròká, ọ̀yájú, abínú-fùfù, ẹlẹ́mìí ọ̀kẹ́rẹ́... Àwọn tó tẹ̀lé wọn fi ìṣirò kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ títí ó fi ku márùn-ún: ìfẹ́ ohun tuntun, ìmójútó iṣẹ́ ẹni, ọ̀yàyà, ìwà pẹ̀lẹ́ sí ẹlòmíràn, àti bí ọkàn ènìyàn ṣe máa ń tètè dàrú tó. Kò sí ẹni tí kò ní gbogbo wọn. Bó ṣe pọ̀ tó lára kálukú ló yàtọ̀.

Ibí ni ìdáhùn fún ọ̀rọ̀ "ọmú kan náà" wà. Ìbejì ni wọ́n fi wá a. Ní 1979, ní Minnesota, Thomas Bouchard bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ìbejì tí wọ́n tọ́ ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ènìyàn ní ìwà ló ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Ohun tó tún ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu ni pé gbígbé inú ilé kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ mú ọmọ jọra ní ìwà. Ẹ sì má gbàgbé pé ìbejì oríṣi méjì ló wà: àwọn tó jẹ́ ẹyin kan tó là sí méjì, àti àwọn tó jẹ́ ẹyin méjì. Àwọn onẹ́yin méjì ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Nítorí wọn ni ayé fi mọ Ìgbò-Ọrà níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Táyé pupa, Kẹ́hìndé dúdú. Wọn kò jọ ju bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe ń jọ lọ. Kí ló dé tí a wá ń retí kí ìwà wọn dọ́gba?

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń sọ bí ọmọ ṣe rí, kò sọ ohun tí a máa ṣe. "Ìdajì" yẹn sì jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lápapọ̀. A kò lè ya Táyé sí méjì kí a ní apá yìí jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀.

Tiwa náà ńkọ́?

Àwa náà ní tíọ́rì. Àwọn àgbà ní ilé Àjàlá ni kálukú ti yan orí, ibìkan náà la ti yàn án, kádàrá ni kò papọ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ìyẹn sì jọ ti Skinner. Kí ọmọ tó mọ ara rẹ̀ ni a ti sọ fún un pé Táyé ni wọ́n rán wá tọ́ ayé wò, pé Kẹ́hìndé ló gba ẹ̀gbọ́n, òun ló ń fara balẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún Kẹ́hìndé yìí. N kò lè sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ìfarabalẹ̀ rẹ̀ àti èyí tí orúkọ fún un.

Èwo ni kí ẹ wá mú?

Tí ẹ bá jẹ́ òbí tí ọmọ ń fi ìwà kan pàtó dà láàmú, Skinner ni fún ọ̀sẹ̀ yìí, torí ẹ̀yin lẹ máa yí ohun tó ń tẹ̀lé ìwà náà padà; kò dìgbà tí ọmọ bá gbà. Bandura ni fún oṣù tó ń bọ̀, torí ó gba kí ẹ wá ẹlòmíràn tí ọmọ á máa wò. Tíṣà kíláàsì, Bandura náà ni tiyín, ti ìgbàgbọ́ pé mo lè ṣe é. Tí ọmọ bá wà láàárín méjìlá sí méjìdínlógún tí kò mọ ibi tó ń lọ, Erikson. Tí ẹ bá ń ràn án lọ́wọ́ láti yan iṣẹ́, àbùdá márùn-ún ló bá a mu, kí ẹ lè wá iṣẹ́ tó gba ọmọ, kí ẹ má fi ọmọ onítìjú sídìí kírí ọjà. Tí ìbànújẹ́ bá bò ó, ẹ mú un wá bá ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbọ́ ènìyàn, bíi ti Rogers. Freud, ẹ kà á kí ẹ lè mọ ibi tí àwọn yòókù ti bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n kí ẹ tó wo orúkọ tó tóbi. Bandura àti àbùdá márùn-ún ní ìwé ìbéèrè tí ẹ lè pín fún ọmọ kíláàsì kan kí ẹ sì kà á lọ́jọ́ kejì.

Mo fi wákàtí kan ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Ìbejì, ó ń wọn èlùbọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Àǹtí, nínú gbogbo àwọn òyìnbó tí ẹ kà yìí, ṣé kò sí èyí tó máa ní bàbá wọn ló jẹ̀bi?" Mo ní ó wà. Mo ní kí ó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀.